Ọkọ Mi tí Mo Tà ní Ìbàdàn

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí mo lè ru ẹrù láti ìdí mọ́tò dé ọjà Ṣakí láìsinmi lẹ́ẹ̀kan, abọ́ tánganran ni mò ń tà. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ràmọ́tà, ṣé fóònù yẹn ń gbọ́ mi? Ó dáa. Bí ó bá ṣíwọ́ gbígbọ́, tètè sọ, nítorí mi ò ní tún un sọ. Àgbà tó bá sọ ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, irọ́ ló máa ń pa nígbà kejì.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ dá òwò iṣẹ́ ọnà sílẹ̀. Ẹ ó ya fọ́tò nǹkan, ẹ ó gbé e sórí fóònù, ẹnì kan á jókòó sí ìlú òyìnbó, á rà á, ẹ ò ní mọ ojú rẹ̀, òun náà ò ní mọ tiyín. Èmi, ẹsẹ̀ ni mo fi ṣe tèmi. Ẹsẹ̀ àti ẹnu. Ṣakí, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ìgbòho, Òtu níbi tí wọ́n ti bí mi… kò sí agboolé tí ajá rẹ̀ ò mọ̀ mí.

Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ogun abẹ́lé ti parí, owó epo ti ń wọ ìlú díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìyàwó ilé ló fẹ́ abọ́ tánganran, èyí tó ní òdòdó pupa nínú. Ta ló tún fẹ́ jẹun nínú ọpọ́n igi? Ṣùgbọ́n owó ò sí lọ́wọ́ wọn bí wọn ò bá tíì kórè. Ní ọjọ́ kan ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, obìnrin kan di abọ́ mi mú, kò lówó, kò sì fi í sílẹ̀. A ń fà á síwá sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó sáré wọlé, ó gbé ọpọ́n onídèérí kan jáde. Wọ́n fín ẹlẹ́ṣin sí ìdérí rẹ̀, wọ́n fín obìnrin mẹ́ta tó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Alábọ́, ẹ gba eléyìí, kí ẹ fún mi ní tiyín."

Mo ní, "Kí ni kí n wá fi ṣe?"

Ó ní, "Ẹ fi dáná bó bá wù yín."

Mo gbà á. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Àánú ni mo pè é nígbà náà o, mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Awakọ̀ lọ́rì tó ń kó èlùbọ́ lọ sí Ìbàdàn ló rí ọpọ́n náà lọ́wọ́ mi. Ó ní Hausa kan wà ní Sábó, Malam Sánúsí, tó ń ra irú ìranù bẹ́ẹ̀. Mo lọ. Malam wo ọpọ́n, ó wò mí, ó tún wo ọpọ́n, ó wá ṣe bí ẹni pé kò wù ú. Ọ̀nà tó gbà ṣe é ló tú u fó. Èmi náà oníṣòwò ni. Ẹni tí nǹkan ò wù kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bí mo ṣe di alájàpá igi nìyẹn. Mo ń gbé abọ́ tuntun lọ, mo ń gbé ògbólógbòó bọ̀. Ilẹ̀kùn fínfín, àpótí ìjókòó, òpó ilé, ère. Ẹ mọ àwọn tó ràn mí lọ́wọ́ jù? Àwọn alfa àti àwọn pásítọ̀. Ọlọ́run á san án fún wọn. Bí pásítọ̀ bá wàásù ní ọjọ́ Àìkú pé kí wọ́n kó ère dànù, èmi ti dé pẹ̀lú abọ́ ní ọjọ́ Ajé. Bí alfa bá wàásù ní Jímọ̀, mo ti wà níbẹ̀ ní Àbámẹ́ta. Mo máa ń bèèrè níbi tí wàásù máa kàn. Wọ́n rò pé ẹ̀sìn ló ń dùn mọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ìkọ́ṣẹ́ ò lè má ní ẹkún. Àpò ère tí mo kọ́kọ́ kó, ère ìbejì ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n mọ́… Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn pa á, á máa bọ́ ọ, kí ẹnì kejì lè dúró. Àwọn tí mo kó yìí, osùn ti gan mọ́ wọn lára, epo ti dì sí wọn lórí, èéfín ti bá wọn. Mo wò wọ́n, mo ní ṣé irú eléyìí ni mo máa gbé fún èèyàn gidi? Kí wọ́n sọ pé ọ̀bùn ni wá ní Òkè-Ògùn? Mo gbé kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú. Mo fọ̀ wọ́n títí apá fi ń ro mí. Mo sá wọn. Mo tún kó wọn lọ bá káfíńtà, ó fi páànù ha wọ́n, ó kun fáníìṣì sí wọn. Ẹ wá wo dídán! Wọ́n ń dán bí àga ọ̀gá ilé-ìwé.

Malam Sánúsí tú àpò, ó gbé ọwọ́ lé orí. "Innalillahi! Hajiya, kí lo fi ṣe wọ́n?"

Mi ò tíì lọ Mẹ́kà nígbà náà o, ẹ̀tàn ni Hajiya yẹn. Mo ní, "Mo fọ̀ wọ́n ni."

Ó ní, "Haba! Ìdọ̀tí tó o fọ̀ dànù yẹn gan-an ni òyìnbó ń rà! Igi pọ̀ nílùú wọn. Ọwọ́ ìyá tó wà lára igi ni kò sí lọ́dọ̀ wọn."

Mo rù wọ́n padà sí Ṣakí. Káfíńtà ló rà wọ́n, ó fi ṣe ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Tábìlì yẹn, wọ́n jẹun lórí rẹ̀ pẹ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní ojú. Mo mọ èyí tó pẹ́ àti èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lóṣù tó kọjá kí ikán lè jẹ ẹ́, kó lè jọ ògbólógbòó. Mo mọ̀ pé ère ìbejì tí imú rẹ̀ ti tán ló níyì jù, nítorí ìyá tó bá ń bọ́jú fún un láràárọ̀ fún ogún ọdún, imú á yó tán sọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ́ yàrá méjì, mo fi páànù bò ó. Mo fi ọmọ mẹ́rin sí ilé-ìwé. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Alábọ́, mo ń jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé abọ́ gan-an ti di àwáwí.

Ó wá kan bàbá yín àgbà. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n dáadáa. Kẹ́hìndé ni. Télọ̀ ni. Ọkùnrin jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó ń rán bùbá tó bá a. Ṣùgbọ́n ojo ni, kí Ọlọ́run fọ̀rìjìn ín. Bí adìyẹ bá dúró lójú ọ̀nà, á ní kó kọ́kọ́ kọjá ná.

Táyé ti kú ní kékeré. Ìyá wọn ò sì jẹ́ kó lọ. Mo ń sọ ti ìyá ọkọ mi, Ìyá Ìbejì. Obìnrin yẹn ń kírun márààrún. Ó ń gba ààwẹ̀, ó tún ń gba sítà, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà ẹ̀yìn Ràmàdáànì, lé e. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, á ti ilẹ̀kùn, á ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, á gbé Táyé jáde, á fún un ní ẹ̀wà. Gbogbo agboolé ló mọ̀. Ta ló máa sọ̀rọ̀? Alfa àdúgbò gan-an ń jẹ nínú ẹ̀wà yẹn, ó kàn máa ń sọ pé sàráà ni.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí Táyé lójú. Ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni. Ìyá gbé e sórí itan, Táyé wọ ẹ̀wù aláró kékeré kan, Ìyá ní, "Ìyàwó, kúnlẹ̀. Ọkọ rẹ nìyí." Mo kúnlẹ̀. Ẹ ò mọ̀ ni? Gbogbo ẹni tó bá ti wà nílé kí ìyàwó tó dé, ọkọ ni, bó jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Mi ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, "Ọkọ mi tinú àpótí" ni mo máa ń pè é. Ọkọ mi wá di méjì, ọ̀kan ń ránṣọ, ọ̀kan ń jẹ ẹ̀wà. Nígbà míì, mi ò mọ èyí tó dákẹ́ jù nínú wọn.

Oníwàásù kan wá dé. Mi ò ní sọ ìlú rẹ̀. Ó to bẹ́ǹṣì síwájú ìsọ̀ àwọn télọ̀, ó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo pé màláíkà kì í wọ ilé tí ère bá wà. Àwọn télọ̀ yòókù bá dojú kọ bàbá yín àgbà.

"Kẹ́hìndé, ọ̀rọ̀ rẹ nìyí o!"

"Kẹ́hìndé, àbúrò rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti ṣe àlùwàlá?"

"Kẹ́hìndé, bá a rán ṣòkòtò, kó wá bá wa kírun!"

Ojoojúmọ́ ni. Ojú ń tì í. Kò sọ fún mi. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Ìbejì wá lọ sí oko láti lọ bẹ iṣu èlùbọ́, ó máa lo bí ọjọ́ mẹ́fà. Mo sì ti ń palẹ̀ ẹrù Ìbàdàn mọ́, àpò gààrí méjì tó kún fún ère. Mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo dé, bàbá yín àgbà ti rán ẹnu àpò méjèèjì, rírán télọ̀, kò sí ihò kankan. Ó ní, "Mo bá ọ di ẹrù rẹ." Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́! Mo ní irú ọkọ wo nìyí! Mo gbé àpò sórí lọ́rì, mo gbé e fún Malam, Malam gbà á, mo ra abọ́ tuntun, mo ra búrẹ́dì, mo padà sílé. Mo tún fún ọkọ mi ní búrẹ́dì tó pọ̀ jù.

Ìyá Ìbejì dé láti oko ní Jímọ̀. Ó wẹ̀. Ó gbé ẹ̀wà kaná. Ó wọ yàrá. Mo gbọ́ ìró ìdérí àpótí. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkankan mọ́…

"Ìyàwó!"

"Ẹ pè mí, Ìyá."

"Ọkọ rẹ dà?"

"Ó wà ní ìsọ̀."

"Mi ò bi ọ́ léèrè èyí tó ń ránṣọ. Èyí tó ń jẹ ẹ̀wà ni mò ń bi."

Mo ní mi ò mọ̀. Mo búra. Mo ní kí wọ́n gbé Kùránì wá. Àwọn obìnrin ilé ti pé jọ, wọ́n ń wo ẹnu mi bí ẹni ń wo ẹnu ihò òkété. Ta ló máa gba àṣá gbọ́ pé kò mọ ibi tí òròmọdìyẹ wọlé sí? Àgbà ìyàwó ilé kan pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ó ti ta Òkè-Ògùn tán, ó wá kan ilé ọkọ rẹ̀." Ìyá Ìbejì ò pariwo. Ì bá pariwo ni ì bá dára. Ó sọ ìkòkò ẹ̀wà náà kalẹ̀ lórí iná, ó ní, "Ọjọ́ tí Táyé bá jẹun ni èmi náà máa jẹun." Ó tẹ́ ẹní, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Ẹ rò pé ó ń ṣeré? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kìíní, omi. Ọjọ́ kejì, omi. Wọ́n gbé wàrà tuntun wá láti gáà àwọn darandaran, èyí tó fẹ́ràn jù láyé, kò yíjú. Alfa wá bá a, ó ní, "Ìyá, ẹ má para yín nítorí igi." Ó dá a lóhùn láti ibi ògiri, ó ní, "Alfa, ẹ̀wà igi yẹn tí ẹ jẹ, ẹ pọ̀ ọ́." Alfa bọ́ sóde.

Ọkọ mi ńkọ́? Ó lọ sí ìsọ̀, ó rán ṣòkòtò oníbàárà kan ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó rán ọrùn bùbá pa. Mo rò pé ìyá rẹ̀ ló ń rò. Mo tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹun!

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jẹ́ olórí ilé ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun ò lé mi o, ṣùgbọ́n kí n lọ kí àwọn òbí mi ní Òtu, kí n pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ìyá bá kú sórí ẹní yẹn, mi ò ní padà wọ ilé náà, àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì di ọmọ obìnrin tó pa ìyá ọkọ rẹ̀. Mo wọ yàrá, mo ń di ẹrù. Bàbá yín àgbà wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi téèpù ìwọnṣọ wé ìka.

Ó ní, "Má lọ."

Mo ní, "Bàbá Mùdà, ẹ̀gbọ́n yín ló sọ̀rọ̀."

Ó ní, "Kò yẹ kó jẹ́ ìwọ."

"Ta ni kó jẹ́?"

Ó ń wé téèpù. Nígbà tó yá ó ní, "Àpò tí mo bá ọ rán ẹnu rẹ̀ yẹn…"

Mo tú gèlè lórí, mo fi gbájá. Mo ní, "Àwọn ère bí ogójì ló wà níbẹ̀! Ẹ̀yin lẹ rán an! Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín! Mo fún yín ní búrẹ́dì!" Ẹ wò ó, búrẹ́dì yẹn ló dùn mí jù. Mo ní, "Ẹ dìde, ẹ lọ sọ fún ìyá yín."

Ó ní, "Bí mo bá sọ fún wọn, wọ́n máa kú."

Mo ní, "Bí ẹ ò bá sọ, wọ́n á kú náà. Ẹ yan èyí tí ẹ fẹ́."

Mo dì í lápá mú, a lọ bá ìyá rẹ̀. Ọkùnrin tó ti bí ọmọ mẹ́rin dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún, ó jẹ́wọ́. Ìyá Ìbejì yí ojú kúrò lára ògiri fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní, "Kẹ́hìndé. Ìwọ lẹ̀gbọ́n. Ìwọ lo rán an ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò, kó wá sọ fún ọ bó bá dùn. Ó lọ. Ó pè ọ́, o wá. Òun lo kó sínú àpò gààrí?"

Ìyá wá kọjú sí mi. Ẹ rò pé ó tọrọ àforíjì? Ìyá ọkọ wo lẹ ti rí tó ń tọrọ àforíjì? Ó ní, "Ìwọ lo mọ ibi tó wà. Lọ mú un wá."

Mo bá mọ́tò àkọ́kọ́ lọ. Mo jókòó sórí àpò èédú títí dé Ìsẹ́yìn, mo tún wọ òmíràn títí dé Ìbàdàn. Ọ̀sán gangan ni mo wọ ìsọ̀ Malam.

Mo ní, "Malam, ọkọ mi dà?"

Ó ní, "Haba, Hajiya! Ṣé èmi ni mo so ọkọ rẹ mọ́lẹ̀?"

Mo ṣàlàyé fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó pe àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní gígùn kan, wọ́n kó gbogbo ère ìbejì tó kù sórí rẹ̀, tèmi àti ti àwọn alájàpá mìíràn. Ó ní òyìnbó kan ti kó díẹ̀ lọ, kí n wo èyí tó kù. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń wá ojú ọmọ Ìyá Ìbejì, mo ń wá ilà ilé wa, mo ń wá imú tó ti tán.

Gbogbo wọn ni imú wọn ti tán.

Ẹ gbọ́ mi. Gbogbo wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹní dé òpin rẹ̀. Èmi tí mo lójú, èmi tí mo fi imú tó tán ṣe iṣẹ́ ṣe, mo dúró síbẹ̀, mi ò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Mo ní, áà, mélòó nínú àwọn ìyá wọn ni kò jẹun láàárọ̀ yìí? Mo tètè lé èrò yẹn lọ. Oníṣòwò tó bá ń ro irú rẹ̀, á padà sídìí èlùbọ́.

Mo wá rí ọ̀kan tó wọ ẹ̀wù aláró kékeré. Mo kígbe, mo gbé e mọ́ àyà. Mo ní òun nìyí.

Malam ní, "Ká ẹ̀wù rẹ̀ wò, kó lè dá ọ lójú."

Mo ní, "Ọkọ mi ni! Ṣé kí n wá tú ọkọ mi síhòòhò lójú ọkùnrin mìíràn?"

Ó gbọ́wọ́ sókè. "Wallahi, o ò ní pa mí. Máa gbé e lọ." Mo bi í pé kí ni kí n fi dípò. Ó ní, "Fi sílẹ̀. Ìyá mi wà ní Kánò. Bí òun náà bá kọjú sí ògiri, mo máa ta gbogbo ìsọ̀ yìí." Hausa yẹn, oníwọra ni, ẹ má jẹ̀ẹ́ n parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn, ó ṣe ọmọlúàbí.

Nígbà tí mo dé Ṣakí lọ́jọ́ kejì, gbogbo agboolé ti gbọ́. Wọ́n ti se ẹ̀wà. Wọ́n ti fi ìrọ̀rí gbé Ìyá jókòó, ojú rẹ̀ ti wọ inú lọ, egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ. Bàbá yín àgbà kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni ń dúró de ìdájọ́. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e lé Ìyá lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo ní, "Ìyá, ọkọ mi ti dé."

Ìyá gbé e sórí itan. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni fẹ́ wẹ ọmọ.

Ọmú méjì ló yọ jáde. Ó dúró ṣánṣán.

Ìyá wò ó. Ó wò mí. Ó tún wò ó.

"Ìyàwó."

"Ẹ pè mí, Ìyá."

"Táyé tèmi, ọkùnrin ni mo bí i."

Ìyá wá mi orí, ó ní, "O ta ọkọ, o mú orogún bọ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Mo rò pé àgbà ìyàwó ilé yẹn ni. Ó fẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, kò ṣeé bò. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín aláìléyín, kò ní ohùn nínú, èjìká rẹ̀ kàn ń gbọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́, ikọ́ wá di nǹkan mìíràn. Ó sunkún. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó nu ojú tán, ó fi àtàǹpàkò pa ibi tí imú ère náà yẹ kó wà. Ó ní, "Wọ́n tọ́jú eléyìí. Ta ni ìyá rẹ̀?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Ìyá."

"Ìlú wo ló ti wá?"

"Mi ò mọ̀."

"Ìwọ tó o ń gbà wọ́n lọ́wọ́ èèyàn láti ọjọ́ yìí wá, o kì í bèèrè?"

Mo ní, "N kì í bèèrè."

Kò bú mi. Ó wo ère náà pẹ́. Ó ní, "Ọmọ ọlọ́mọ. Ta ló mọ ọjọ́ tó ti jẹun mọ… Ẹ gbé ẹ̀wà wá." Wọ́n gbé e wá. Ó mú ẹyọ kan, ó fi kan ẹnu ère. Ó wá ní, "Àlejò kì í dá jẹun nílé mi." Ó fi ìyókù sẹ́nu ara rẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Ó tún bu òmíràn. Àwọn obìnrin ń ké Alihamudulilai. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí mo wà. Bàbá yín àgbà ló wá gbé mi dìde. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní kó má sọ ọ́. Kó kàn lọ rán ṣòkòtò oníbàárà yẹn dáadáa.

Ṣé a rí Táyé? A ò rí i. Ó ti bá òyìnbó lọ. Agbẹ́gilére kan ní Ìgbòho ní òun á gbẹ́ òmíràn, Ìyá kọ̀. Ó ní Táyé ò kú, ó rìnrìn àjò ni, wọn kì í gbẹ́ arọ́pò fún ẹni tó rìnrìn àjò. Ó tiẹ̀ wá ń fi yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ọmọ agboolé wa, Táyé ni ẹni àkọ́kọ́ tó dé ìlú òyìnbó, kò sì gba físà.

Malam ránṣẹ́ pé bí kì í bá ṣe ọkọ mi, kí n dá ère rẹ̀ padà. Ìyá ní, "Sọ fún un pé ó ti jẹ iyọ̀ mi."

Kò ní kí n fi òwò sílẹ̀ o. Òwò yẹn ló ń ra kẹrosíìnì. Ó kàn ní, "Láti òní lọ, máa bèèrè." Mo wá ń bèèrè. Màá ní, "Kí ni orúkọ ọmọ yìí?" Wọ́n á ní, "Táyé." Mo dé ilé kejì, "Kẹ́hìndé." Ilé kẹta, "Táyé." Èmi náà wá rí i pé mo gọ̀, orúkọ wo ni ìbejì tún fẹ́ jẹ́? Mo wá ń bi wọ́n ní orúkọ ìyá, oríkì ọmọ, ilé, ìlú, ẹni tó gbẹ́ ẹ. Mùdà ọmọ mi ò tíì mọ̀wé dáadáa nígbà náà, ìyá yín tó jẹ́ obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí mo bá ti bèèrè orúkọ ìyá, inú ìyá mìíràn á yí padà. Á sọ pé, "Ìyá Alábọ́, ẹ jẹ́ n rò ó ná." Á gbé ọmọ rẹ̀ wọlé, mi ò ní rí i mọ́. Mo pàdánù púpọ̀! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú Ìyá Ìbejì nínú mi. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fínnúfíndọ̀ tà, tí mo kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, òyìnbó ń jà sí wọn. Àwọn kan wá Ṣakí fúnra wọn, wọn ò gba ọ̀dọ̀ Malam mọ́. Mo wá ń mú wọn lọ bá àwọn agbẹ́gilére tó ṣì wà láàyè, kí wọ́n gbẹ́ tuntun, kí wọ́n sì dárúkọ ara wọn. Bí mo ṣe dẹni tí wọ́n ń pè ní oníṣòwò iṣẹ́ ọnà nìyẹn. Ojú tì mí ni, kì í ṣe ọgbọ́n.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì fẹ́ kú, ó ti pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ súre. Ó ní, "Ọmọ yẹn. O ti rí ìyá rẹ̀?"

Mo ní, "Mi ò tíì rí i, Ìyá."

Ó ní, "Máa wá a."

Mo ti wá a. Mo ti gbé ọmọ náà dé ọjà Ìgbòho, dé Òtu, dé àwọn abúlé tí ọkọ̀ ò dé. Ẹnikẹ́ni ò dá a mọ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú báyìí, èmi náà mọ̀, mi ò ya wèrè. Ṣùgbọ́n ó lè ní ọmọ. Ó lè ní Kẹ́hìndé kan tó ń gbé níbì kan, tó ti di arúgbó bíi tèmi.

Ayé ti yí o… Ẹ máa tà, mi ò ní kí ẹ má tà, ẹ̀jẹ̀ mi lẹ jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wọ ọwọ́ yín, kí ẹ tó dì í sọ́kọ̀, ẹ bèèrè ẹni tó tọ́jú rẹ̀. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹni tó bá sì ń wá ọmọbìnrin kan, tí imú rẹ̀ ti tán, tó wọ ẹ̀wù aláró, ẹ ní kó máa bọ̀ ní Ṣakí. Ẹ sọ fún un pé ebi ò pa á.